Hẹ́dífóònù Tó Ń Retí Ọwọ́ Ẹni Tó Rà Á

Ní ìlú San Diego ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Dan Clark Audio. Ní agbègbè Chicago, òmíràn wà tó ń jẹ́ ZMF. Àwọn méjèèjì ń ṣe hẹ́dífóònù tí ẹyọ kan lè gbà ju ẹgbẹ̀rún dọ́là lọ lápò ẹni. Ṣùgbọ́n orí ọjà kan náà ni àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀: Fostex T50RP, hẹ́dífóònù dúdú kan láti Japan, tí wọ́n ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ sítúdíò, tí owó rẹ̀ kò tó igba dọ́là nígbà náà. Dan Clark tú u, ó tún inú rẹ̀ ṣe, ó pààrọ̀ tìmùtìmù etí rẹ̀, ó sì ń tà á lábẹ́ orúkọ MrSpeakers, kó tó wá fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ilé-iṣẹ́ náà ní 2019. Zach Mehrbach tó dá ZMF sílẹ̀ gba ọ̀nà kan náà. Òun tiẹ̀ yọ igbá ike tó bo etí kúrò, ó fi ti igi rọ́pò rẹ̀. Sípíkà tó wà nínú ohun tí wọ́n kọ́kọ́ tà, ti Fostex ni.

Ó yẹ kí ẹni tó bá ní irú hẹ́dífóònù yìí ro ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa kó tó máa wá owó òmíràn kiri. Sípíkà tí wọ́n ń pè ní planar magnetic sábà máa ń dára ju ilé tí wọ́n kọ́ fún un lọ. Àwọn ohun tó yí awọ rẹ̀ ká títí dé ihò etí wa, ìyẹn tìmùtìmù, afẹ́fẹ́, ike tó ń gbọ̀n àti ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, ló ń pinnu èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a ń gbọ́. Gbogbo wọn ló sì ṣeé fi ọwọ́ ẹni tún ṣe, pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́, bí a bá mọ èyí tó yẹ ká kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.

Awọ tí gbogbo ara rẹ̀ ń ṣiṣẹ́

Nínú hẹ́dífóònù tó wọ́pọ̀ lọ́jà, wáyà tí wọ́n ká róbótó ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn awọ kékeré kan. Ilé-iṣẹ́ Beyer ní Jámánì ti ń ṣe irú rẹ̀ láti 1937. Bí iná bá gba inú wáyà yẹn kọjá, òòfà tó wà nítòsí á tì í síwá sẹ́yìn, wáyà á sì ti awọ. Ojú kan ni agbára ti ń wọlé; ìyókù awọ kàn ń tẹ̀ lé e ni. Bí ohùn bá ti ń lọ sókè, etí awọ lè máa gbọ̀n lọ́nà tirẹ̀, kí ohùn sì dàrú.

Ti planar yàtọ̀. Awọ tirẹ̀ pẹlẹbẹ, ó sì tín-ín-rín ju irun orí lọ. Ojú awọ náà gan-an ni wọ́n tẹ ìlà kọ́pà tàbí alumíníọ̀mù sí, tó ń lọ tó ń bọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn òòfà gbọọrọ tó tò lẹ́sẹẹsẹ ni wọ́n fi há a láàárín. Nígbà tí iná bá gba ìlà náà kọjá, gbogbo ojú awọ ló ń gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá di etí ẹní mú tí wọ́n jọ gbé e sókè, ẹní kò ní ká. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá fi ìka ti àárín rẹ̀, yóò ká.

Èrè tó wà níbẹ̀ ni pé ohùn ìsàlẹ̀, èyí tí àwọn olórin ń pè ní béèsì, lè lọ jìn gan-an láìdàrú, kí ohùn ìlù sì bẹ̀rẹ̀ kó sì dáwọ́ dúró lásìkò. Gbèsè tó wà níbẹ̀ náà kò kéré. Òòfà púpọ̀ túmọ̀ sí ẹrù púpọ̀ lórí: LCD-2 tí ilé-iṣẹ́ Audeze ní California ṣe tó nǹkan bí ìdajì kílò. Agbára iná tí sípíkà yìí ń fẹ́ sì sábà máa ń ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Kì í ṣe nǹkan àná. Yamaha gbé HP-1 jáde ní 1976, wọ́n sì fún Mario Bellini, ará Ítálì tó ti ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ fún Olivetti, ní iṣẹ́ yíya àwòrán rẹ̀. Orthodynamic ni Yamaha sọ irú sípíkà náà. Wharfedale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe tirẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1970, ó pè é ní Isodynamic. Lẹ́yìn ìyẹn, iná ọjà náà jó rẹ̀yìn. Àwọn tí kò fi sílẹ̀ ni Fostex, ẹ̀ka Foster Electric ti Japan, nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ sítúdíò ṣì ń rà á. Ní nǹkan bí 2009 ni Audeze àti HiFiMAN, ilé-iṣẹ́ Fang Bian, tún gbé planar sókè lọ́tun. Láti ìgbà náà ni ọjà ti kún. Sony Interactive Entertainment ra Audeze ní 2023. HiFiMAN ní tirẹ̀ sì ń ta HE400se fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀. T50RP pàápàá ní àtúnṣe ilé-iṣẹ́, mk3, ní 2015, òun sì ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ jù nínú àpilẹ̀kọ yìí, nítorí pé kò sí planar tí àwọn ènìyàn tíì tú wò tó o.

Gbígbé pẹ̀lú rẹ̀ nílùú olóoru

Ohun àkọ́kọ́ tí T50RP máa sọ fún ẹni tó bá ń lò ó ní Ìbàdàn tàbí Èkó ni pé kò mọ ariwo jẹnẹrétọ̀ í dí. Igbá rẹ̀ kò dí pátápátá. Ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tó sì ń gbà jáde wà lára rẹ̀. HE400se àti ọ̀pọ̀ planar mìíràn tiẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu lẹ́yìn. Ariwo tó ń ti ìta wọlé báyìí kì í kàn ṣe ìdààmú lásán, ó ń tan etí jẹ. Ohùn jẹnẹrétọ̀ wúwo nísàlẹ̀, ó sì máa ń bo béèsì inú orin mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ orin lábẹ́ rẹ̀ á ní béèsì hẹ́dífóònù òun kò tó, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Bí iná bá dé, tí àdúgbò sì dákẹ́, béèsì tó fi kún un á wá di ìlù nínú agbárí. Nítorí náà, ẹ má ṣe dá hẹ́dífóònù lẹ́jọ́ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ké. Ẹ dúró di òru, tàbí ìgbà tí àdúgbò bá pa tiwọn.

Ọ̀rọ̀ ariwo yìí tún ju ti béèsì lọ. Ẹni tó bá ń fi ohùn orin bá jẹnẹrétọ̀ jà yóò máa gbé e sókè. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má ṣe gbọ́ ohùn tó tó dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 80 ju wákàtí 40 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá di 90, wákàtí 4 péré ni ọ̀sẹ̀ kan gbà. Planar kì í tètè dàrú bí a ti ń gbé e sókè, ìdàrúdàpọ̀ tí ì bá sì ti ta wá jí nínú hẹ́dífóònù olówó pọ́ọ́kú kò ní wá. Ojú ni kí a fi ṣọ́ ìwọ̀n ohùn, ká má fi ìdùnnú ṣọ́ ọ.

Ìkejì ni bí tìmùtìmù ṣe bá orí mu. T50RP nílò kí tìmùtìmù rẹ̀ bo etí dáadáa láìsí àlàfo. Bí afẹ́fẹ́ bá rí ibi sá gbà, béèsì á bá a lọ. Apá gíláàsì ojú, irun dídì tó nípọn, gèlè, ìbòrí, fìlà tó wọ etí, gbogbo wọn ló lè ṣí àlàfo. Ọ̀nà kan wà tí a lè fi mọ̀: ẹ wá ohùn Hz 40 lórí fóònù, kó máa dún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ sì fi ọwọ́ méjèèjì tẹ igbá mọ́ orí díẹ̀. Bí ohùn náà bá ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa, afẹ́fẹ́ ń jò nìyẹn. Kì í ṣe sípíkà ló kó béèsì sá lọ. Ẹni tó dirun lè sún igbá síwájú díẹ̀, kí tìmùtìmù lè bọ́ sórí awọ ara. Ẹni tó ń lo gíláàsì lè wá èyí tí apá rẹ̀ tín-ín-rín.

Ìkẹta ni òógùn. Awọ àtọwọ́dá tí wọ́n fi bo tìmùtìmù kì í bá òógùn àti òróró orí ṣe ọ̀rẹ́ pẹ́. Yóò le, yóò sán, yóò sì máa bó sára etí bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún lẹ́yìn tí ẹ bá lò ó tán, ẹ má ṣe fi í sínú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn. Bí ẹ bá ń tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí, ẹ fi àwọn àpò kékeré tó ń fa omi mọ́ ọn, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà.

Òòfà rẹ̀ náà kì í sùn. Ó ń fa pín-ìn-nì irun, abẹ́rẹ́, èérún irin. Èérún irin kan tó bá wọlé dé ẹ̀gbẹ́ awọ lè máa ké zzz nígbàkúùgbà tí béèsì bá wọlé. Fọ́nrán irun orí kan ṣoṣo lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, tábìlì tí wọ́n ti ń fá irin tàbí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kì í ṣe ibi tí a ń gbé e sí. Ẹ má sì fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sínú rẹ̀, ẹ má fi ẹ̀rọ tó ń fa ìdọ̀tí kàn án. Awọ tó tín-ín-rín tó báyẹn kò lágbára àtidènà ìfúnpá afẹ́fẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Agbára iná: ká ṣírò rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí ẹni tó bá ra planar máa kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni pé kò lè ṣiṣẹ́ láìsí ámpìlífáyà ńlá. Ká gbé ìṣirò lé e. Fostex kọ ọ́ pé mílíwáàtì 1 á mú dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 92 jáde lára T50RP mk3, àti pé ìdènà iná rẹ̀ jẹ́ 50 ohm. Orin tí a ń gbọ́ ní ìwọ̀n tó tura lè ní ìgbà tí ìlù bá bú jáde lójijì. Ká fi àyè 110 sílẹ̀ fún irú àkókò bẹ́ẹ̀. Mílíwáàtì bí 63 ló máa gbà, ìyẹn nǹkan bí fóòtì 1.8. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn wáyà kékeré tí a ń ki bọ ihò USB-C fóònù ń fúnni ní nǹkan bí fóòtì 1. Ìyẹn á gbé T50RP dé 105. Fún ọ̀pọ̀ orin òde òní tí wọ́n ti gbé ohùn rẹ̀ sókè láti sítúdíò, ó tó. Fún àwo àtijọ́ tí ohùn rẹ̀ kéré, kò tó.

Ẹ fi èyí wé HE-6 tí HiFiMAN ṣe, tí mílíwáàtì 1 kò mú ju 83.5 lọ jáde lára rẹ̀. Ká tó dé 110 lórí ìyẹn, ó ń fẹ́ mílíwáàtì bí 450. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, planar ni wọ́n, ṣùgbọ́n oúnjẹ ọ̀kan jìnnà sí ti èkejì. Ìwọ̀n tó wà lára páálí ni kí a wò, kì í ṣe orúkọ.

Ohun méjì tó wuni tún wà nínú ọ̀rọ̀ iná yìí. Ìdènà iná planar fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà láti ohùn ìsàlẹ̀ dé òkè. Nítorí náà, irú ámpìlífáyà tí a lò kì í fi bẹ́ẹ̀ yí bí ohùn ṣe rí padà, bó ṣe máa ń rí pẹ̀lú àwọn mìíràn. Bákan náà, nítorí pé kì í tètè ké, ariwo ṣííí tó wà lábẹ́ ámpìlífáyà olówó pọ́ọ́kú kì í tètè dé etí. Ámpìlífáyà kékeré tó lè mú fóòtì 2 tàbí 3 jáde láìdàrú ti kúrò ní kékeré fún T50RP. Ohun tí ó ń fi kún un ni àyè fún ohùn láti gbéra. Bí àyè bá ti tó, owó tó bá tún lé lórí rẹ̀ wúlò jù níbòmíràn.

Títú u

Tìmùtìmù ni kí a kọ́kọ́ pààrọ̀, nítorí pé kò sí síkúrù kankan nínú rẹ̀, a sì lè dá a padà bí kò bá dùn mọ́ wa. Èyí tí T50RP ń bá wá láti ilé-iṣẹ́ kò jìn, etí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń kan ike inú rẹ̀. Èyí tó jìn, tó nípọn, máa ń tura, ó sì sábà máa ń di afẹ́fẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n a kì í pààrọ̀ tìmùtìmù kí ohùn má yí. Bí etí bá ti jìnnà sí awọ, ohùn òkè á yí. Bí aṣọ ìbòrí rẹ̀ bá jẹ́ fẹ́ẹ̀fẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, béèsì á dín. Bí ó bá jẹ́ awọ tó dí, béèsì á dúró. Ẹni tó bá fẹ́ ìtura nìkan gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohùn ni òun ń rà pẹ̀lú.

Lẹ́yìn náà ni súkúdíráfà. Bí ẹ bá yọ tìmùtìmù, ẹ máa rí síkúrù mẹ́rin tó di ojú sípíkà mọ́ igbá. Ẹ mú un jẹ́jẹ́, nítorí pé òòfà yóò gbìyànjú láti fa ẹnu súkúdíráfà lọ bá awọ. Ẹ kó àwọn síkúrù náà sínú àwo. Igbá òsì ni wáyà ti ń wọlé, ibẹ̀ ló sì ti ń gba ọ̀pá orí kọjá lọ sí igbá ọ̀tún, nítorí náà ẹ má ṣe fà á.

Inú ibẹ̀ ni ẹ máa ti rí ìdí tí àwọn ará San Diego àti Chicago fi rí iṣẹ́ ṣe. Awọ planar ń mú ohùn jáde níwájú àti lẹ́yìn bákan náà. Èyí tó jáde lẹ́yìn á kọlu ike igbá, á padà, á sì gba inú awọ tó tín-ín-rín kọjá tọ etí wá, pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn èyí tó ti kọ́kọ́ dé. Ohùn méjì tó yẹ kó jẹ́ ọ̀kan nìyẹn. Ike náà fúyẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì ń gbọ̀n, ó ń fi ohùn tirẹ̀ kún un.

Ohun mẹ́ta ni àwọn tó ti ń ṣe é tipẹ́ ń lò. Àkọ́kọ́ ni amọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, irú èyí tó ní òróró nínú tí kì í gbẹ. Èyí tí wọ́n fi omi pò á gbẹ, á sì sán. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sínú àwọn kòtò kéékèèké tó wà lára ike tó yí sípíkà ká, kí ike náà lè wúwo, kó sì yé gbọ̀n. Ìkejì ni òwú tàbí aṣọ fẹ́ẹ̀tì nínú igbá, láti gba ohùn ẹ̀yìn mọ́ra kó má padà wá. Wọn kì í tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n kàn ń gbọ̀n ọ́n, wọ́n á sì fi lélẹ̀ ní fúlẹ́fúlẹ́. Bí ó bá pọ̀ jù, orin á ṣú. Ìkẹta ni téèpù lórí ihò afẹ́fẹ́ igbá. Bí a bá dí ìdajì ihò náà, béèsì á yí. Bí a bá dí i tán, á tún yí lọ́nà mìíràn, igbá á sì dí ariwo ìta díẹ̀ sí i. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń lo ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀, nítorí pé ìwọ̀n òwú àti ìwọ̀n ihò ń bá ara wọn sọ̀rọ̀: ẹni tó bá yí ọ̀kan padà gbọ́dọ̀ tún èkejì gbọ́.

Òfin kan kò ṣeé rú: ohun tí ẹ bá ṣe sí ọ̀tún, ẹ ṣe é sí òsì, ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ fi òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn oníwúrà ń lò wọn amọ̀ àti òwú. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá yí ohun mẹ́ta padà lálẹ́ ọjọ́ kan kò ní mọ èyí tó tún ohùn ṣe nínú wọn, kò sì ní mọ èyí tó bà á jẹ́.

Àpàlà fún ìdánwò

Àwọn aláwọ̀ funfun ń fi orin jáàsì àti ti kílásíkà dán hẹ́dífóònù wò. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà nílé tiwa tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mú àwo àtijọ́ Haruna Ishola kan, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní mono. Nítorí pé ohùn kan náà ló ń lọ sí etí méjèèjì, ohùn ọ̀gá náà gbọ́dọ̀ dúró sí àárín orí gbọnrangandan. Bí ó bá tẹ̀ sí òsì, amọ̀ tàbí òwú kò dọ́gba, tàbí kí tìmùtìmù kan máa jò. Kò sí ẹ̀rọ tó ń fi èyí hàn kíákíá tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún fetí sí agídìgbo nísàlẹ̀, gángan láàárín, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lókè. Gángan ni ẹlẹ́rìí tó le jù. Ohùn rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń yọ̀ láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, ọ̀rọ̀ ló sì ń sọ. Bí ike kan bá ń gbọ̀n níbì kan láàárín, tó sì ń gbé ìwọ̀n ohùn kan sókè ju àwọn tó yí i ká lọ, sílébù kan nínú ọ̀rọ̀ ìlù yóò máa ta yọ lódì, bí ẹni tó ń pariwo láàárín gbólóhùn. Ẹni tó gbọ́ èdè ìlù kò nílò àwòrán ìlà kankan kó tó mọ̀ pé nǹkan kò dọ́gba níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú *Juju Music* tí King Sunny Adé ṣe fún Island ní 1982. Gìtá púpọ̀ àti ìlù púpọ̀ ló wà nínú rẹ̀, ní ọ̀tún ní òsì. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ní àyè tirẹ̀, tí kò sì sí èyí tó ń bo èkejì, òwú inú igbá ti tó nìyẹn.

Equalizer kì í ṣe èèwọ̀

Ibi tí amọ̀ àti òwú bá dé, equalizer, ìyẹn ètò tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀, ti àárín tàbí ti òkè sókè tàbí tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, lè gbé e lọ síwájú. Sean Olive àti Todd Welti ní ilé-iṣẹ́ Harman lo ọ̀pọ̀ ọdún láti bi àwọn olùgbọ́ léèrè irú ohùn tó dùn mọ́ wọn létí, láti nǹkan bí 2012. Ohun tí èyí tó pọ̀ jù yàn sún mọ́ ohùn sípíkà dáadáa nínú yàrá dáadáa: béèsì tó ga díẹ̀, àti gíga kan ní àgbègbè Hz 3,000, níbi tí ihò etí ènìyàn fúnra rẹ̀ ti ń gbé ohùn sókè. Jaakko Pasanen ti fi iṣẹ́ ìwádìí yẹn àtàwọn ìwọ̀n tí àwọn mìíràn ṣe kọ ètò ọ̀fẹ́ kan, AutoEq, tó ń sọ iye tó yẹ ká fi kún ohùn kọ̀ọ̀kan tàbí ká yọ nínú rẹ̀ fún hẹ́dífóònù rẹpẹtẹ. Equalizer APO ń lò ó lórí Windows, Wavelet ń lò ó lórí fóònù Android.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ohun méjì. Ìwọ̀n tí wọ́n ṣe fún T50RP pẹ̀lú tìmùtìmù ilé-iṣẹ́ kò bá èyí tí ẹ ti pààrọ̀ mu mọ́. Ẹni tó ti tú tirẹ̀ gbọ́dọ̀ fi etí ara rẹ̀ tún un ṣe láti ibẹ̀. Ìkejì, bí ẹ bá gbé béèsì sókè ní dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 6, ẹ fi 6 rẹ ohùn gbogbo sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohùn á fọ́. Dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 6 yẹn sì ń fẹ́ ìlọ́po mẹ́rin agbára iná. Ibí ni ámpìlífáyà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ti wá wúlò gan-an. Planar sì ni irú tó lè gbà á: béèsì tí a fi kún un kì í tètè dàrú, ohun tó sì yẹ ká jẹ gbádùn lára rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn kan ń sọ pé equalizer ń ba ohùn àdánidá jẹ́. Tìmùtìmù tuntun náà ń yí i, òwú ń yí i, irun orí ń yí i. Equalizer nìkan ló ń sọ iye tó fi kún un, tó sì ṣeé pa bí a bá tẹ bọ́tìnnì kan.

Ohun tí kò yẹ fún owó

Wáyà olówó iyebíye ni àkọ́kọ́. Wáyà mk3 ṣeé yọ, ẹnu rẹ̀ sì ń tì nígbà tí a bá yí i. Ó dára kí a ra òmíràn bí ti àkọ́kọ́ bá já, tàbí bí ó bá gùn jù. Ṣùgbọ́n wáyà kọ́pà tó dára tó, tí kò já, kì í fi ohùn kankan kún orin. Ìkejì ni àṣà pé kí a jẹ́ kí hẹ́dífóònù máa dún fún ọjọ́ púpọ̀ kó tó dùn. Tìmùtìmù ni ó ń rọ̀ bí a ti ń lò ó, tó ń bá orí mu sí i. Etí wa náà sì ń mọ́ ọn lára.

Ìkẹta ni kí a gba ara wa gbọ́ láìwọn nǹkan. Ohùn tó ga ju òmíràn lọ ní dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 1 péré ni etí sábà máa ń yàn pé ó dára jù. Amọ̀, òwú, tìmùtìmù, gbogbo wọn ló lè gbé ohùn sókè tàbí rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà, ẹ gé ihò kan sára páálí líle, kí ẹ fi gbohùngbohùn fóònù sí i, kí ẹ sì gbé igbá hẹ́dífóònù lé e. Ẹ fi ètò tó ń wọn ariwo kà á, kó tó yí àti lẹ́yìn tó yí, ọ̀tún àti òsì. Iye tó máa jáde kò ní jẹ́ iye gidi bí ti ilé ìwádìí, ṣùgbọ́n á tó láti fi hàn bóyá ẹ ń fi ohun méjì tó dọ́gba wé ara wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹlòmíràn tí kò mọ ohun tí ẹ ṣe, kí ẹ fún un ní èyí tó ti yí àti èyí tí kò tíì yí, ní ìwọ̀n ohùn kan náà, láìsọ èwo ni èwo. Bí kò bá lè sọ ìyàtọ̀, ẹ tú amọ̀ náà kúrò. Bí ó bá sọ ọ́, tó sì yan èyí tó ti yí, ẹ di síkúrù rẹ̀ pa, kí ẹ lọ fi owó tó kù ra àwo orin.